Ọ̀rọ̀ Kan Ló Jẹ Mí ní Zaria

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, télọ̀ ni mí, Sabon Gari ní Zaria ni mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀ sí. Mi ò jalè rí, mi ò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì rí, mi ò sì wo ìyàwó oníyàwó lẹ́ẹ̀mejì. (Ẹni tó bá ní mo fi aṣọ Iléyá òun falẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni.) Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, ọjọ́ tí wọ́n tún ń pè ní Ìṣẹ́gun, ìdí agbada ìyá alákàrà àdúgbò wa pa lọ́lọ́ nítorí gbólóhùn kan tó ti ẹnu mi jáde. Ọkùnrin kan tó ń mu kòkó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ bíńtín kan ló fà á. Kò ju ìró kan lọ: ci. Wọ́n ń pè é bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín tí kò wá sín mọ́. Ẹnu tèmi ò tilẹ̀ gbà á. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pè é ní "ṣi" kí wọ́n tó bá mi tún un ṣe. "Jẹ" ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kọ́ mi ní Hausa, ìka ló fi kà á fún mi níkọ̀ọ̀kan: ruwa ni omi, sha ni mu, ci ni jẹ. Mo ní ṣé ó tán? Ó ní ó tán. Ọmọ náà ti padà sí Funtua. Ibi tó wà ọ̀hún, mi ò tíì dárí jì í.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá mi rìn dáadáa. Ká ní láti ọjọ́ kìíní ló ti ṣe bí àjèjì sí mi ni, ǹ bá ti ṣọ́ra. Àmọ́ ẹ wò ó: àwa ń jẹ gbèsè, Hausa ń ci bashi. Àwa ń jẹ èrè, wọ́n ń ci riba. (Rìbá tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé nǹkan mìíràn ni. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó.) Àwa ń jẹ ogún, wọ́n ń ci gado. Títí dé orí oyè. Nígbà tí Shehu Idris, Sarkin Zazzau tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1975, wàjà ní oṣù kẹsàn-án 2020, tí Ahmed Nuhu Bamalli sì jọba ní oṣù kẹwàá, èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé "ya ci sarauta", ó ti jẹ oyè. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Wọ́n ń mi orí ni. Mo wú bí àkàrà inú epo gbígbóná. Mo lọ bá ìyàwó mi nílé, mo ní ṣé ó mọ̀ pé Yorùbá tó wọ babban riga ni èdè Hausa? Ìyá Ìbejì, tí wọ́n bí sí Tudun Wada, tí Hausa ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ. Èmi àti ẹ̀ ò tíì yanjú ẹ̀rín yẹn.

Ọdún kejì ni wàhálà dé. Ọmọ aládùúgbò mi gba èsì ìdánwò WAEC rẹ̀, ìyá rẹ̀ bẹ́ síta, ó ń ké "Ta ci! Ta ci!" Mo sáré jáde. Ó jẹ kí ni? Oògùn eku ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo ti gbé ìgò epo pupa lọ́wọ́, mo ń wá ṣíbí tí màá fi rọ ọ́ sí i lẹ́nu, kí wọ́n tó là á yé mi pé ìdánwò lọmọ jẹ, ìyẹn ni pé ó yege. Ẹ dákun, ta ló ń jẹ ìdánwò? Lọ́dọ̀ tiwa, ìdánwò ló ń jẹ ọmọ.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn wólé-wólé, tí Hausa ń pè ní duba-gari, dé ẹ̀yìnkùlé wa. Gọ́tà kún. Ọ̀gá wọn wo gọ́tà, ó wò mí, ó ní, "An ci ka tara." Mo mọ tara. Mẹ́sàn-án ni. Mo fi inú kan dá a lóhùn pé rárá o, ọ̀gá, mi ò tíì fẹnu kan ẹyọ kan láti àárọ̀, ká má tíì sọ mẹ́sàn-án. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé tara mìíràn wà tó jẹ́ owó ìtanràn, àṣé bí wọ́n bá ci ọ ní tara, wọ́n ti bu owó lé ọ nìyẹn. Èmi ni wọ́n jẹ. Yẹ̀yẹ́ tí mi ò ṣe yẹn sì fi kún owó náà.

Ti ATM ńkọ́? Mo lọ gba owó, ìka mi tẹ Hausa dípò Yorùbá. Bóyá ìgbéraga ni. Ẹ̀rọ náà bi mí ní ohun tó fẹ́ bi mí, ó wá kọ ọ́ síbi tí mo máa tẹ̀: "Ci gaba." Ci, jẹ. Gaba, iwájú. Jẹ iwájú. Iwájú ta ni? Ti káàdì mi àbí tèmi? Èmi tí mo mọ̀ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa gbé káàdì mì lójú olówó, mo yọ káàdì mi kíá, mo kó ara mi lọ sílé láìgba kọ́bọ̀. Ìyá Ìbejì ló wá sọ fún mi pé "ẹ máa bá a lọ" lásán ni. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń lò fún ìtẹ̀síwájú ìlú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, ohun tí àwọn olóṣèlú ń pariwo nínú gbohùngbohùn nígbà ìbò: ci gaba, ci gaba! Láti ọjọ́ yìí, mo ti rò pé wọ́n ń jẹ́wọ́ ni.

Mi ò ní sọ ti cin hanci, èyí tí rédíò máa ń ní kí gbogbo wa gbógun tì. Hanci ni imú. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni mo fi rò pé àwọn kan wà ní Kaduna tí wọ́n ń jẹ imú èèyàn. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lásán.

Mo sá kúrò lọ́dọ̀ ci, mo lọ sá di sha. Mo ní mímu rọrùn, ta ló ń ṣi mímu mu? Ó tún kọ́kọ́ tàn mí bákan náà: àwa ń mu ọsàn, àwọn náà ń mu ún, àwa ń mu sìgá, àwọn náà ń mu ún. Ni mo bá débi máńgòrò, tí àwa ń jẹ. Mímu ni wọ́n ń mu ún. Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti PZ lọ sí Kwangila ní òun fẹ́ "sha kwana", mo ní kó jọ̀ọ́ kó gbé mi délé kó tó mu ohunkóhun. Kọ́nà ló fẹ́ yí. Bí ẹnu bá ya Hausa, ó mu ìyàlẹ́nu ni: ya sha mamaki. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ìnàkunà, rédíò á ní wọ́n "sha kashi", mi ò sì ní sọ ohun tí kashi jẹ́ fún yín nítorí àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń rò jù nídìí ẹ̀rọ mi ni ti wuya. Wuya ni ìyà. Yorùbá ń jẹ ìyà, Hausa ń mu ún. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ìyà tí èèyàn ń jẹ, eyín ló fi ń rún un, ó lè dúró láàárín kan, ó lè yọ eegun inú rẹ̀, bí ó bá le jù ó lè tu ú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń mu, gbùrù ló ń sọ̀ kalẹ̀, kí ọ̀fun tó mọ̀, ó ti dé ikùn. Nígbà kan, mo rò pé tiwọn ló san, torí pé ó ń yára kọjá. Nígbà tó yá, mo ní tiwa ló san, torí pé a ń mọ ohun tí a ń jẹ. Mi ò tíì rí ìpinnu ṣe. Èmi ní tèmi, láti ìgbà tí mo ti dé Zaria, mo ti jẹ ẹ́, mo sì ti mu ún lé e.

Ó wá di ti ìyá alákàrà.

Àkàrà gbígbóná àti kòkó ni oúnjẹ àárọ̀ mi, mo sì máa ń gbà á láwìn títí oníbàárà á fi sanwó. Láàárọ̀ tí mò ń wí yìí, owó ọrùn mi ti di 700 náírà. Mo mú 500 dání, mo fẹ́ fi ìwà ọmọlúàbí hàn, mo fẹ́ sọ fún ìyá níwájú gbogbo ayé pé mo mọ iye tí mo jẹ wọ́n. Ní Yorùbá, ṣebí "Ìyá, mo jẹ yín ní 700 náírà" ni. Gbólóhùn tó mọ́ tónítóní. Mo gbé e lọ sí Hausa bí a ti ń gbé bátànì aṣọ lé orí aṣọ mìíràn: mo, na, jẹ, ci, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ obìnrin, ki. Mo la ẹnu, mo ní, "Na ci ki…"

Bashi ló kù. Bashi, ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ̀ láti ọdún kìíní, tí mo ń sọ lójoojúmọ́, ó fò lọ bí ẹyẹ. Mo dúró. Mo tún un pè, sókè díẹ̀, bóyá bashi á gbọ́ ohùn mi kó jáde wá: "Na ci ki!" Mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù.

Ẹ má ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Bí ọkùnrin bá sọ ọ́ fún obìnrin báyẹn, tí kò fi nǹkan kan kún un, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ohun tó wà láàárín ọkọ àti aya ni, àwọn náà kì í sì í pè é ní orúkọ yẹn. Ṣíbí dúró sínú epo. Àkàrà ń jóná. Ọkùnrin tó dìde, àbúrò ọkọ ìyá ni. Bí kì í bá ṣe ọmọdékùnrin tó ń fọ kọ́ọ̀pù, tó ti mọ̀ mí tipẹ́, tó ké jáde pé "Bashi yake nufi!", gbèsè ló ní lọ́kàn, ǹ bá má lè fi ẹnu mi yìí ròyìn. Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn burú ju ìjà lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà lódìkejì títì kò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí wọ́n fi ń bá wọn rín in. Mo ju 500 náírà sílẹ̀, mo sá.

Bí mo ṣe wá gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, bí mo bá jẹ obìnrin lówó, ohun tó yẹ kí n sọ ni "kina bina bashi": ẹ̀ ń fi gbèsè tẹ̀ lé mi. Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ìyá ló ń tẹ̀ lé mi. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí n jẹ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ lé mi kiri!

Oníbàárà mi kan, olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru, wá gba kaftani rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ èdè ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo kó ẹjọ́ mi bá a, mo rò pé á bá mi kẹ́dùn. Ó jókòó, inú rẹ̀ ń dùn ni. Ó ní kò sí ìbátan láàárín Hausa àti Yorùbá. Ó ní Lárúbáwá ni Hausa bá tan láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń jẹ ohun tí kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní bí mo bá dé Ghana, Akan ní "di", ìyẹn jẹ, wọ́n sì ń jẹ ọba, wọ́n ń jẹ ogún, wọ́n ń jẹ ìṣẹ́gun pẹ̀lú. Mo ní ìyẹn ò burú, ará ilé ni wọ́n.

Ó ní ní Íńdíà, ẹni tí wọ́n nà jẹ ẹgba ni, ẹni tó búra jẹ ìbúra ni, ẹni tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, jíjẹ ló jẹ ẹ́. Ó ní ní Páṣíà, ọ̀rọ̀ kan náà ni jẹ àti mu, khordan. Ẹni tó bá ṣubú, ilẹ̀ ló jẹ. Mo ní Màálàmù, ẹ dúró: àwa Yorùbá ń mu ilẹ̀, bí a bá mulẹ̀, a ò gbọdọ̀ dalẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ará Ṣáínà ń jẹ ohun kíkorò bí wọ́n bá ń jìyà, obìnrin tó bá sì ń jowú, wọ́n á ní ó jẹ fìnígà. Mo ní èyí ò ṣe nǹkan kan, àwa kì í fi fìnígà pa á láró, owú gan-an la ń jẹ: jẹ owú, jowú. Kòríà ń jẹ ọjọ́ orí. Ẹni tó pé 50 ọdún ti jẹ 50. Mo rò ó: èmi ti jẹ 57, inú mi ò sì tíì yó.

Ibi tí ó ti wá dá mi lójú pé ayé kò tò ni ti bọ́ọ̀lù. Hausa ní ẹni tó gbá góòlù wọlé ló jẹ ẹ́. Nídìí ayò tiwa náà, ẹni tó kó ọmọ ayò ló jẹ. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ní Tọ́kì àti ní Kòríà, ẹni tí wọ́n gbá a wọ ilé rẹ̀ ni wọ́n ní ó jẹ góòlù! Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ Zaria lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Istanbul ní ọjọ́ kan. Góòlù kan á wọlé, ẹgbẹ́ méjèèjì á dúró láàárín pápá, oníkálukú á ní òun lòun jẹ ẹ́.

Màálàmù gbé ìwé wá ní ọjọ́ kejì. Ìwé atúmọ̀ èdè Hausa tí G. P. Bargery ṣe, tó jáde ní 1934. Ó ṣí ojú ewé ci. Èmi rò pé ìlà kan ni màá bá níbẹ̀, bí èyí tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ìka kà. Ńṣe ni ìtumọ̀ tò lọ bí èrò ọjọ́ ọjà. Ó ní òyìnbó mìíràn wà, R. C. Abraham, tó ṣe ti Hausa ní 1949, tó tún wá ṣe ti Yorùbá ní 1958. Inú bí mi. Ọkùnrin kan ṣoṣo mú jẹ àti ci dání, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kò sì kọ lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́! Kì í sì í ṣe pé ìlú yìí jẹ́ ìlú òpè. Zaria ni Abubakar Imam ti ṣe olóòtú Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìwé ìròyìn Hausa tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1939. Zaria ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Gaskiya sílẹ̀ sí ní 1945, tí wọ́n ti tẹ ìwé Hausa. Gbogbo àwọn onímọ̀ wọ̀nyí, gbogbo íǹkì wọ̀nyí, wọn ò rí pákó kan gbé kọ́ sí ibùdókọ̀ ojú irin: Bayarabe (ọmọ Yorùbá), ṣọ́ra fún ci.

Mo sọ èyí fún Màálàmù. Ó ní kí n má bínú, òun náà ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀. Ó ní nígbà tí òun lọ kọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, wọ́n bi òun pé kí ni òun ń jẹ́. Ó fi ìgbéraga dáhùn. Ohùn ò gòkè tó. Ohun tí ó sọ ni pé òun ń jẹ Músá. Obìnrin tó bi í ní, "Ẹ̀yin nìkan?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ karùn-ún, ebi lé mi padà. Mo ti há gbólóhùn náà sórí láti ilé: kina bina bashi, kina bina bashi. Mo gbé 200 náírà tó kù dání. Mo dé ibẹ̀, àbúrò ọkọ ìyá wà lórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo kà á láìmí: "Mama, kina bina bashi, ga kuɗinki", owó yín rèé. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ṣìnà. Ìyá wò mí títí. Wọ́n ti gbé ní Sabon Gari pẹ́, wọ́n gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu àwọn oníbàárà, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ní èdè mi pé kí n má dààmú nípa 200 náírà yẹn mọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

"Baba, ẹ jẹ kó lọ."

Mo wo 200 náírà ọwọ́ mi. Mo wo àkàrà tó wà nínú ajọ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè. Mo fi owó sápò, mo mú àkàrà méjì, mo jẹ ẹ́, ó sì lọ.